Ife Tíì Bàbá Désímà

Ètò ìṣirò náà kú fún ìgbà kẹta láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ṣiṣẹ́ dé ìlà kẹrìnlá bó ṣe ṣe lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ojú kọ̀ǹpútà di funfun, ó dúró gbagidi, ètò náà sì pa ara rẹ̀ dé bí ẹni tó bínú jáde nílé.

Bàbá Désímà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Àbí èmi ni mo fọwọ́ kan nǹkan tí kò yẹ ni?" ló bi ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó jókòó sí tábìlì kejì tẹjú mọ́ ìwé iwájú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ló ní kó wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ṣẹ́ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi. Oníbéèrè ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí láti ọjọ́ tó ti dé ni kò ti jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi: kí nìyí, kí nìyẹn, kí ló dé tó fi rí báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, kò ní ìbéèrè kankan.

Iṣẹ́ wọn ni láti ṣírò bí omi yóò ṣe gba inú páìpù dé ilé ńláńlá. Yàrá ìṣirò wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: fèrèsé méjì, tábìlì mẹ́ta, àti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó lágbára tó láti gbé ètò ìṣirò ọ̀hún. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn tó ń kọ́ ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ń bọ̀ wá gba ìwọ̀n páìpù wọn, Bàbá Désímà ló sì ń ṣe é. Ó ti ń ṣírò omi kí kọ̀ǹpútà tó wọ yàrá yẹn rárá. Bí ènìyàn bá sọ fún un pé nǹkan tó "bíi méjì," yóò ní, "Ṣé méjì pọ́ńbélé ni, àbí méjì àti díẹ̀? Kí ni ìwọ̀n díẹ̀ náà?" Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, torí désímà ni díẹ̀ tó máa ń tẹ̀lé odidi nọ́ńbà.

Wọ́n fi okùn so ìwé kan mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ gàdàgbà ni KÍ LÓ YÍ PADÀ? Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe sí kọ̀ǹpútà náà, ìbáà ṣe pé ó fi nǹkan sí i, ó yọ nǹkan kúrò, tàbí ó kàn sún un díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé náà jẹ́ ti Bàbá Désímà, ti ọjọ́ Ẹtì: "Tíì dà nù sórí tábìlì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ife. Kò kan kọ̀ǹpútà."

Ohun tí kò sí nínú ìwé náà ni èyí tí Oníbéèrè ṣe lọ́jọ́ Ẹtì kan náà, nígbà tí bàbá lọ jẹun ọ̀sán. Olùkọ́ ìṣirò ti fún wọn ní ogójì ìbéèrè láti ṣe kí ìsinmi tó parí, máàkì rẹ̀ sì wà lára ti ìdánwò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì ló fún un ní fúláàṣì kan tí ètò tó ń dáhùn ìṣirò wà nínú rẹ̀. "Ìwọ ṣáà kọ ìbéèrè sí i," lọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Yóò bá ẹ ṣe gbogbo ẹ̀, títí kan bí wọ́n ṣe ṣe é. Ta ló fẹ́ máa pa ara ẹ̀ lórí ìṣirò?"

Kò sí kọ̀ǹpútà nílé wọn. Ó bá ki fúláàṣì bọ ti iléeṣẹ́. Nǹkan kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkà á. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, ó ti ní ìdáhùn méjìlá. Ó yọ fúláàṣì, ó jókòó jẹ́jẹ́.

Nígbà tí Bàbá Désímà sọ̀kalẹ̀ lọ pe atúnkọ̀ǹpútàṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, Oníbéèrè sáré dìde. Ó wá ètò tó fi síbẹ̀, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó rò pé bí ohun tó fi sí i bá ti kúrò, gbogbo nǹkan yóò padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, ètò ìṣirò iléeṣẹ́ kò tilẹ̀ ṣí mọ́ rárá.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pe atúnkọ̀ǹpútàṣe, torí nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, yóò dán an wò, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó kan òmíràn. Òun ló ni òfin ìwé náà. Ó ka ìlà tó kẹ́yìn, ó wo ife aláwọ̀ ewé tó wà létí tábìlì.

"Bàbá, tíì yìí, ó dá yín lójú pé kò dé inú ẹ̀?"

"Ó dá mi lójú lọ́jọ́ Ẹtì," ni bàbá dáhùn.

Díẹ̀díẹ̀ yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Oníbéèrè ńkọ́? O ò fọwọ́ kan nǹkan kan?"

"Rárá, sà."

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ohun tó ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó gbọn eruku rẹ̀, ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò tó ń ba ètò kọ̀ǹpútà jẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ọjọ́ Ajé lọ síbẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ kún fún ohun tí kì í ṣe òun ló fà á. Ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ fún ọ̀gá pé, "Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n tíì nìkan ló wà nínú ìwé."

Ọ̀gá gòkè wá. Obìnrin tí kì í pariwo ni. "Bàbá, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mo ń fìyà jẹ yín. Láti ọ̀la, ẹ máa bá wa tọ́jú yàrá fáìlì nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn á máa lo kọ̀ǹpútà."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá," ni Bàbá Désímà wí.

Oníbéèrè mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ń rò ó pé wọn yóò lé òun, pé ìyá òun yóò gbọ́, pé olùkọ́ yóò gbọ́. Ó tún sọ fún ara rẹ̀ pé yàrá fáìlì kò burú ṣá, ó tutù, kò sì sí iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bàbá ń fi ọwọ́ ṣe ìṣirò ilé ìwòsàn náà lórí ìwé kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, torí kò fẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ bá wọn lójijì. Ó ṣe é, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe. Nígbà tó pẹ́, ó pe Oníbéèrè.

"Ọmọ mi, bá mi wo ibí yìí. Méje lọ́nà mẹ́sàn-án, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dá ẹ lójú?"

Ọmọbìnrin náà yíjú wò ó. Ẹni tó ń bi gbogbo ayé pé kí ni ìwọ̀n díẹ̀ ló ń bi òun ní méje lọ́nà mẹ́sàn-án yìí. Ojú tì í débi pé kò lè jókòó padà. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó wọ yàrá ọ̀gá níbi tí Díẹ̀díẹ̀ ti ń ṣàlàyé ohun tí kọ̀ǹpútà tuntun yóò gbà.

"Kì í ṣe tíì," ló wí. "Èmi ni."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ kò bínú, ìbéèrè nìkan ló ń bi í. "Kí ló bi ẹ́ léèrè kó o tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó ní fáìlì kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé kí òun fi tòun rọ́pò ẹ̀. Ìgbà tí mo ti tẹ̀ ẹ́ tán ni mo tó kà á."

"Nígbà tó o pa á rẹ́ ńkọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mo pa rẹ́."

"Ó ti yé mi." Díẹ̀díẹ̀ dìde. Fáìlì tí ètò ìṣirò wọn gbára lé ni fáìlì ọmọbìnrin náà gorí rẹ̀; nígbà tó sì pa tirẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kò sí èyíkéyìí níbẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ mú fáìlì náà gan-an láti inú ẹ̀dà tó tọ́jú, ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó ní kí ètò náà ṣiṣẹ́. Ó kọjá ìlà kẹrìnlá, kò dúró. Ìṣẹ́jú méjìlá ni gbogbo rẹ̀ gbà.

"Bó o bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni, ǹ bá ti rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé," ló sọ fún Oníbéèrè. "Nígbà tó o pa á rẹ́, o ò tún un ṣe. Ipa ẹsẹ̀ rẹ lo gbá mọ́."

"Bíìgí Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọbìnrin náà wí fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

"Ilé la ti ń pe Bíìgí Mọ́mì. Ọ̀gá ni mí níbí. Ìwọ lo máa lọ sí yàrá fáìlì títí ọ̀sẹ̀ rẹ á fi pé. Ìdáhùn méjìlá yẹn, ya á, kó o fọwọ́ ara rẹ ṣe ogójì. Kọ ohun tó o ṣe sínú ìwé, ọjọ́ òní ni kó o kọ sí i. Lẹ́yìn náà, lọ bá bàbá."

Nígbà tí Oníbéèrè tọrọ àforíjì, Bàbá Désímà gbọ́ ọ tán kó tó sọ̀rọ̀. "Yàrá ìsàlẹ̀ yẹn kọ́ ló dùn mí," ló wí. "Láti ọjọ́ Ajé, mi ò gba ọwọ́ mi gbọ́ mọ́. Mo ti ń rò ó pé bóyá tíì náà dé inú ẹ̀ lóòótọ́ tí mi ò sì rí i. Ìyẹn ló ni mí lára."

Ìwọ̀n páìpù ilé ìwòsàn jáde ní Ọjọ́bọ̀. Oníbéèrè ṣe ogójì ìbéèrè rẹ̀ láàárín àwọn fáìlì, ó sì rí i pé mẹ́ta nínú ìdáhùn méjìlá fúláàṣì kò tọ̀nà. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ju ìṣirò lọ. Ó ti rò pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò kú síbẹ̀. Kò kú. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ló bá a gbé ẹ̀bi rẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó po tíì sínú ife aláwọ̀ ewé náà, ó gbé e gòkè, ó sì rọra gbé e sórí tábìlì bàbá.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Bàbá Désímà wí. Ó gbé ife náà, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé e lé ojú fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀ mu ún tán. Kò tún gbé e wọ yàrá yẹn mọ́.