Òrí Inú Ẹ́ńjìnnì

Lọ́jọ́ tí Oyèwùmí gbé kọ́kọ́rọ́ lọ́rì lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìlobù, kò sí ẹni tí kò súre fún un nínú ẹbí. Àwọn àgbà ní irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n láyé tí a wà yìí. Kọ́ládé, àbúrò náà, dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Oyèwùmí dúró, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun nìkan ló mọ ohun tó ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ nìyí. Nígbà tí bàbá wọn kú, oko kòkó kan àti lọ́rì ńlá kan ló fi sílẹ̀, lọ́rì tó ń jẹ epo dísẹ̀lì, tó ti ń kó iṣu láti Ìfọ́n àti Ìlobù lọ sí ìdí rélùwéè ní Òṣogbo láti ẹ̀yìn ogun àwọn òyìnbó. Oyèwùmí ló ń wà á. Ó kọ Ọ̀TÁ DÀ? gàdàgbà síwájú rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi, yóò wọ agbádá, yóò jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò sì máa wo ẹni tí kò bá kí i dáadáa. Ọjọ́ Ajé, yóò fọwọ́ kan oǹdè oògùn tó so mọ́ abẹ́ ìjókòó rẹ̀ kó tó ṣí ọkọ̀. Irú ọmọ ìjọ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹ jẹ́ kí n má tan yín.

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbá-gbá-gbá. Oyèwùmí wà á lọ sọ́dọ̀ Amos, ọmọ Ìfọ́n, tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, tó ń tún mọ́tò ṣe lábẹ́ àtíbàbà kan létí títì. Amos gbé ìdí igi gígùn kan lé ara ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí lé orí igi náà, ó tẹ́tí títí.

Ó ní, “Oyèwùmí, inú rẹ̀ ti jẹ. A gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀ pátápátá. Bí o bá ń wà á lọ báyìí, yóò dákú mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Gbé e wá ní Ọjọ́ Ajé ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

“Jẹ́ kí àsìkò iṣu kọjá ná.”

Amos ní, “Ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ àti Jésù tí mo ti ń bá ọ sọ ńkọ́?”

Oyèwùmí bú sẹ́rìn-ín. “Ìyẹn náà, jẹ́ kí àsìkò iṣu kọjá.”

Àsìkò iṣu kọjá, Oyèwùmí kò padà wá. Ìgbà yẹn làwọn àgbà ẹbí pè é, wọ́n ní kó fún Kọ́ládé ní ìpín tirẹ̀ nínú ogún bàbá wọn. Oyèwùmí ronú. Owó kòkó gbéra sókè, lọ́rì ń kú lọ. Ó wọlé, ó da òrí àti gírísì pọ̀ nínú ìkòkò kan, ó yọ́ ọ lórí iná, ó sì dà á sínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó máa di àárọ̀, ìró náà ti rọlẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n fi òrí pa lára tó wá sùn lọ. Ó wá pe gbogbo ẹbí jọ, ó ní òun fi lọ́rì ta àbúrò òun lọ́rẹ, òun á máa fara mọ́ oko kòkó.

Kọ́ládé dìde nílẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú oore. Ẹ jẹ́ kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Amos, kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kó ẹrù sí i.”

Ojú Oyèwùmí yí padà. “Kí wọ́n yẹ kí ni wò? Ṣé n ó fún ọmọ ìyá mi ní ohun tí kò dára ni?”

Gbogbo àgbà jágbe mọ́ Kọ́ládé. Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ní nǹkan, tó wá ń gbé e kiri fún ẹni ẹlẹ́ni láti yẹ̀ wò? Ojú ti ọmọkùnrin náà. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú. Oyèwùmí ti mọ̀ pé bí yóò ti rí nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ilé tí àbúrò rẹ̀ ní gan-an ló fi dẹ pańpẹ́ fún un. Mi ò mọ orúkọ tí à ń pe irú ìkà bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ rárá. Kọ́ládé kó iṣu kún lọ́rì, ó kọjá afárá odò Ẹrìnlẹ̀, ó ń gun òkè, ni ẹ́ńjìnnì bá gan pa. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn padà, bíréèkì kò lè gbà á dúró. Kọ́ládé bẹ́ sílẹ̀ láti ti igi bọ abẹ́ táyà. Táyà gun orí igi, ó sì gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Oyún àkọ́bí wà nínú Rachael, ìyàwó rẹ̀, nígbà náà.

Ẹni tó sunkún jù ni Oyèwùmí. Ó ní ayé ló ṣe é. Nígbà tó tún yá, ó ní àwọn ará Ìfọ́n ni, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́ Ìlobù gbọ́ ọ, inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Irọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀.

Wọ́n wọ́ lọ́rì lọ sọ́dọ̀ Amos, ẹbí sì ní kí Oyèwùmí lọ mójú tó àtúnṣe rẹ̀. Òfin kan wà lọ́dọ̀ Amos. Kí ó tó tú ẹ́ńjìnnì ńlá, ẹni tó ni ọkọ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ará Ìfọ́n pààrọ̀ nǹkan inú ọkọ̀ ará Ìlobù. Oyèwùmí fẹ́ rán ẹlòmíràn. Amos kọ̀.

Oyèwùmí rá wọ abẹ́ lọ́rì ní àárọ̀ ọyẹ́. Ó tú nọ́ọ̀tì náà, kò sí ohun tó jáde. Amos na wáyà kan sí i pé kó fi tú ojú ihò. Bó ti fi gún un báyìí, nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ní ìṣù-ìṣù, dúdú lára, funfun nínú, bí ẹ̀kọ tó dì. Ó bọ́ sí i láyà, ó bọ́ sí i lẹ́nu. Òórùn òrí gba gbogbo abẹ́ ọkọ̀.

Amos bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka mú díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. “Ta ló ṣe èyí?”

Oyèwùmí fẹ́ sọ pé ọ̀tá ni. Ṣùgbọ́n òrí náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ṣé Kọ́ládé mọ̀?”

“Kò mọ̀.” Ẹkún gbà á. “Amos, bò mí láṣìírí. Jẹ́ ká fọ̀ ọ́ dànù. Ta ni yóò mọ̀?”

Amos ní, “N ò ní sọ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Bí mo bá lọ ra irin tuntun wá láti Ìbàdàn, tí mo kó o sínú ìdọ̀tí yìí, yóò tún bàjẹ́ ni. A ní láti tú gbogbo rẹ̀ síta, ká fọ̀ ọ́ mọ́, kí tuntun tó wọlé. Bí tìrẹ náà ti rí nìyẹn. Ó pẹ́ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ ti ń kan gbá-gbá, o ń da òrí sí i kó lè dákẹ́. Jésù kò kú láti bá ọ bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kú láti wẹ̀ ọ́ mọ́ ni.”

“Ṣé yóò gbà mí?”

“Yóò gbà ọ́.”

“Kọ́ládé ńkọ́?”

Amos ní, “Ìyẹn ni n kò mọ̀.”

Oyèwùmí kúnlẹ̀ síbẹ̀, nínú ọ́ìlì. Ọkùnrin tó máa ń gbàdúrà gígùn níwájú ìjọ kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó kàn ń wí pé, “Jésù, èmi ni. Èmi ni mo ṣe é.” Nígbà tó dìde, ó já oǹdè abẹ́ ìjókòó, ó jù ú sínú iná. Kò pààrọ̀ aṣọ, ó gba Òṣogbo lọ.

Ó bá Bàbá Ọládèjì, olórí ẹbí, lẹ́bàá ibùsùn Kọ́ládé, Rachael sì jókòó sílẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìku ìkan. Ó ní ará Ìfọ́n kankan kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Ọládèjì dìde, ó jáde. Rachael ká ọwọ́ lérí.

Kọ́ládé ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ rí i nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún yín?”

“Mo rí i.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni. N ò lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.” Ó kọjú sí ògiri.

Oyèwùmí na gbalaja sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ohun tí ojú kì í rí nílẹ̀ wa. Kọ́ládé kò ní kó dìde.

Ní báyìí, Oyèwùmí ti yọ̀ǹda oko kòkó fún Kọ́ládé, Kọ́ládé náà ló ṣì ni lọ́rì. Oyèwùmí ń wà á fún un bí awakọ̀ tí wọ́n háyà. Ó ti ha Ọ̀TÁ DÀ? kúrò níwájú rẹ̀, nítorí ó ti mọ ibi tí ọ̀tá náà wà. Ọlọ́run ti dárí jì í, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń sùn. Ṣùgbọ́n Kọ́ládé kò tíì pè é ní Bọ̀ọ̀dá láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ tí wọ́n sì gé kò hù.

Ìwọ tí o ń ka ìwé kékeré yìí ńkọ́? Bí o bá jẹ́ àgbà, má bínú pé mo pè ọ́ ní ìwọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó dúró níwájú Ọlọ́run, kò ní sí ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún wa níbẹ̀. Kí ló ń kan gbá-gbá nínú rẹ? Kí lo dà sí i kó lè dákẹ́? Ọtí ni? Oògùn ni? Àbí ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Oyèwùmí ní kí àsìkò iṣu kọjá. Ó kọjá lóòótọ́. Ká ní ó gbé ọkọ̀ náà lọ ní Ọjọ́ Ajé tí Amos dá fún un, ẹsẹ̀ méjì ni Kọ́ládé ì bá fi máa lé ọmọ rẹ̀ kiri àgbàlá. Jésù ń gba ẹni tó pẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí pé ohun tí pípẹ́ rẹ bàjẹ́ yóò padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, má ṣe dúró de Ọjọ́ Ajé. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó ká ìwé yìí pọ̀, wí fún un pé: Jésù, èmi ni. Èmi ni mo ṣe é.