Àwọn Àna Ń Bọ̀, Ẹ Fọ Ògiri

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ohun tí mo fojú rí nìkan ni mo lè sọ. Ní ìlú Ajùlé, tó wà nínú ìgò ńlá lórí òṣùpá, ẹ̀rọ afúnnimí, tó ń ṣe atẹ́gùn tí a ń mí, bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ bí arúgbó. Ọ̀mọ̀wé Títíládé ní kò sí wàhálà. Ó fọ́n èérún aṣọ-òkúta, tó jẹ́ irúgbìn rẹ̀, sára gbogbo ògiri ìlú. Ewéko kékeré ni aṣọ-òkúta, irú èyí tó ń bo àpáta nílé ayé lásìkò òjò. Òun ni yóò máa ṣe atẹ́gùn fún wa kí afúnnimí tó kú. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn wá: ewé wínníwínní, ó tutù yọ̀yọ̀. A pàtẹ́wọ́. A kúkú fẹ́ràn àwòrán.

Ohun tí kò fi hàn wá ni pé èérún kì í sùn jí kó di ewé. Yóò mumi, yóò wú, èèpo rẹ̀ yóò bẹ́, yóò wá yọ okùn tín-ín-rín aláwọ̀ ewé tí yóò máa rá ká bí òwú aláǹtakùn. Ara okùn yẹn ni ẹ̀hù ti ń yọ, kí ẹ̀hù tó rúwé. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí kò mọ̀, ìdọ̀tí ni, ó ń yọ̀ bí ikun.

Àsìkò okùn yìí gan-an ni àwọn àna Màmá Ọláṣùbọ̀, àgbà obìnrin ìlú, ránṣẹ́ láti Ìlú Pupa pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ kúkú mọ̀ wá: àlejò ń bọ̀, ọṣẹ ń hó. Màmá kó gbogbo ìyàwó ilé jáde, wọ́n fọ ògiri títí ó fi ń dán bí awo.

Nígbà tí Títíládé wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, atẹ́gùn wa lẹ fọ dànù yẹn."

"Atẹ́gùn wo? Ewé lo fi hàn mí. Ikun ni mo rí. Ṣé kí àna wá bá ikun lára ògiri mi?"

"Ẹ ò bi mí."

"Ìwọ náà ò sọ. Ìwé kún orí rẹ, ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu."

"Gbogbo èérún tí mo ní nìyẹn, Màmá."

 Màmá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "A ò fọ inú ilé ìdáná ìlú. Àlejò kì í débẹ̀."

Wọ́n sáré lọ. Lóòótọ́, okùn wà níbẹ̀, ó ti ń rúwé. Ìwà ọ̀bùn ló fẹ́ gba díẹ̀ là nínú wa. Ṣùgbọ́n afúnnimí kò ní dúró títí ewéko náà yóò fi ràn dé ògiri mìíràn. Ilé ìdáná nìkan ni yóò ní èémí, ìlú sì kún fọ́fọ́. Àwọn àna ti ń kanlẹ̀kùn. Ọkọ̀ wọn ò gbà ju àwọn fúnra wọn lọ, kò lè kó wa sá. Wọ́n ń yìn wá pé ògiri wa mọ́.

Ta ni yóò wọ ilé ìdáná?