Aṣọ́bodè Tí Kò Sọ̀rọ̀

Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ilé ìtẹ̀wé, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí máàpù tí íǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ, íǹkì dúdú sì wà ní àgbọ̀n rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Ọkùnrin tó wọlé gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ẹ gbà mí o," obìnrin náà ní láìgbójú sókè, "wèrè wo ló ní kí odò máa ti inú òkun gun òkè lọ?"

"Èmi wèrè náà rèé."

Bí ayàmáàpù àti akọ̀tàn ṣe pàdé nìyẹn. Ìwé eré orí tábìlì kan ni wọ́n jọ ń ṣe jáde láìmọ ara wọn, irú èyí tí èèyàn mẹ́rin márùn-ún ń jókòó yí ká, tí wọ́n ń da dáìsì bí ẹni ta lúdò, tí oníkálukú ń di ẹlòmíràn nínú ayé tí ẹnìkan ti dá sílẹ̀ dè wọ́n. Ọkùnrin yìí ló ń dá ayé náà, obìnrin yìí ló ń yà á.

Akọ̀tàn ní òfin kan: ohunkóhun kò gbọdọ̀ dá dúró nínú ayé òun. Bí olè bá wà, ebi ló sọ ọ́ di olè. Bí ebi bá wà, ẹnìkan ló di kànga pa. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi jókòó, èjìká kan èjìká. Kí odò tó wálẹ̀ láti orí òkè, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

"Olówó orí mi, sún òkè yìí díẹ̀, ó ń dí mi lọ́wọ́."

"Òkè tí o bá ní kó sún, ayanfẹ́, kò gbọdọ̀ jiyàn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ayàmáàpù sọ àṣírí ilé wọn fún akọ̀tàn. Bàbá rẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jáde. Ọmọ náà padà wá, ó kan ìlẹ̀kùn títí, bàbá kò ṣí i. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n gbọ́ ikú rẹ̀ lájò. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ló fi ẹkún wí.

Akọ̀tàn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ ni. Ẹ gbọ́ ọ̀ràn! Ó ń wá ohun tó tú ìlú àárín ayé náà ká, ó bá fi aṣọ́bodè kan síbẹ̀ tó ti ibodè mọ́ ọmọ rẹ̀ síta. Ọmọ kú síta, àwọn oníṣòwò rí i, wọ́n sá, ọjà tú, kànga dí. Kò tilẹ̀ rò ó pé òun ṣẹ̀.

Ìwé eré náà jáde. Bàbá ayàmáàpù, tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti dá dùbúlẹ̀, ní kí ọmọ ka iṣẹ́ rẹ̀ sí òun létí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè, tí akọ̀tàn kò fi hàn án rí, ó pa ìwé dé.

"Kà á lọ," bàbá ní.

Ó kà á tán.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni."

"O ò ní fẹ́ ẹ níṣojú mi."

Ayàmáàpù gan-an kò fẹ́ rí i mọ́. "O ta ẹ̀gbọ́n mi!" ló sọ fún akọ̀tàn, ó sì kó gègé rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oúnjẹ kò fi gba ọ̀nà ọ̀fun akọ̀tàn. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn dókítà ti ní kò sí oògùn mọ́, ó lọ kúnlẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì bàbá.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Màá yọ aṣọ́bodè náà."

"Tí o bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Gbogbo ayé náà á tú. Màá tún un dá."

Bàbá húkọ́ títí. "Má yọ ọ́. Lóòótọ́ ni aṣọ́bodè náà ṣe é. Àmọ́ o kò jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mú bírò."

Bàbá ń pe ọ̀rọ̀ náà fún un kó kọ ọ́, ó ń mí gúlegúle: "Ó dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára kọ́kọ́rọ́. Ó ń retí kí ọmọ náà kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ náà kò kàn án mọ́."

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ife omi mú. Kò gbọ́ èyí rí láyé rẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

"Fẹ́ ẹ tó bá wù ọ́," bàbá ní. "Ọmọ kan tí mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ti tó mi."

Ọjọ́ kẹta ló kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ayàmáàpù wá jókòó ti akọ̀tàn lórí bẹ́ńṣì.

"Mo ṣì ń bínú sí ọ."

"Mo mọ̀."

"Mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ohun tí mo bá sọ fún ọ kò gbọdọ̀ wọ ìwé mọ́ láìjẹ́ pé mo gbà. Búra."

"Mo búra."

"Èyí tó bá máa dùn nínú ìtàn ńkọ́?" obìnrin náà ní.

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ wo bírò rẹ̀, akọ̀tàn ni ná. "Àti èyíinì."

Ẹlẹ́rìí méjì péré ló bá wọn lọ buwọ́ lùwé ìgbéyàwó, aṣọ dúdú ló sì wà lọ́rùn ìyàwó. Ó sọ̀rọ̀ kan sí ọkọ rẹ̀ létí bí wọ́n ṣe ń jáde, ọkùnrin náà sì dúró sójú kan, ó ń sunkún. Ẹ má bi mí ohun tó sọ. Kò kọ ọ́ síbì kankan.