Àjẹ̀ Muideen

Ọjọ́ tí Adédiwúrà kọ́kọ́ rí Muideen, omi ló fi kí i. Wẹ́dà ni Muideen ní Owódé Onírin, ó sì ń lọ wọn géètì ẹnìkan ní Àgbóyì, lódìkejì omi. Kò jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ wà á kọjá bó ṣe ń wa gbogbo ayé. Ó gba àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀, ó sì bu omi sí ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ẹ má bínú, Aunty. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni.”

“Ta ló ń kọ́ ẹ?”

“Èmi fúnra mi.”

“Ó hàn.”

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú aṣọ tútù. Ọdún kan ò tíì pé tí ọ̀rọ̀ fi dé etí bàbá Adédiwúrà, apẹja tí wọ́n bí sétí omi. Ó ní ọmọ Ìsẹ́yìn bíi Muideen ò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ọmọ òun, kó fọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ gbé ìyá rẹ̀ wá sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí kò bá lè wà á, kí wọ́n jókòó sí Kétu lọ́hùn-ún, lórí ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Adédiwúrà ń kọ́ ọ, ó sì ti sú u. Muideen ń lu omi bí ẹni ń lu irin, ọkọ̀ sì ń pòyì lójú kan.

“Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, olólùfẹ́ mi,” ni Muideen wí.

“Ẹlẹ́dẹ̀ tèmi ò tíì rí ọgbà.”

Èyí tó dun Adédiwúrà jù ni pé Bàbá jókòó sétí omi, ó ń tún àwọ̀n ṣe, ó ń wò wọ́n, kò sì sọ nǹkan kan. Kò sí ọmọ Bàbá tí kò gba ìbáwí lórí àjẹ̀ rí. Àlejò nìkan ni kì í bá wí.

Ní Sátidé kejì, Muideen dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó wọ ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n ń lọ.

“Kí lò ń ṣe?”

“Bí àwọn òyìnbó tó gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù nínú ìdíje ọkọ̀ wíwà ṣe ń ṣe é nìyí. Mo wò ó lórí fóònù nígbà ogún.”

“Muideen, ẹ̀yìn lo fẹ́ fi gbé ìyá ẹ wá bá bàbá mi?”

Kò tíì dáhùn tí wọ́n fi kó sínú àwọ̀n oníàwọ̀n. Inú bí Adédiwúrà, ó gba fóònù náà. Ó nawọ́ sí Ìyá Ìbíjọkẹ́, arúgbó tó ń fi ọkọ̀ kó ẹja bọ̀.

“Wo ìyẹn, jàre. Má sọ̀rọ̀. Ṣáà máa wò.”

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Muideen fi wò ó. Arúgbó náà kì í fi apá jà. Èjìká àti ìbàdí ló fi ń fa omi, àjẹ̀ rẹ̀ ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ gan-an, ó sì ń jáde láìta omi sí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọkọ̀ Muideen gbà láti lọ síwájú.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Adédiwúrà dúró ní èbúté, ó ń wo ọkọ̀ wọn bọ̀. Ìyá Muideen, tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, di ojú pinpin títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ọkọ̀ yà díẹ̀, ó tún padà, ṣùgbọ́n omi ò kan aṣọ ìyá.

Bàbá fa ìyá sókè, ó kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Muideen, ó lejú.

“Ọwọ́ òkè ẹ ń sùn. Òun ló yẹ kó máa ti àjẹ̀. Ìgbà wo lo fẹ́ tó mọ̀ ọ́n?”

Muideen dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ó gbójú sókè wo Adédiwúrà, ó rí i tó ń rẹ́rìn-ín, tí omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo lè—”

“Dákẹ́ ẹnu ẹ,” ni Adédiwúrà wí. “Jẹ́ kí bàbá wa parí ọ̀rọ̀ wọn.”