Àwọn Tó Ka Abala Kẹrin

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìjà lórí kọ́mà.

Obìnrin náà ti lo ọdún mẹ́jọ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka ìwé kẹ́yìn, kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́ kí àwọn ọ̀gá tó buwọ́ lù ú. Lọ́dún yẹn, àdéhùn ìgbèjà tó wà láàárín orílẹ̀-èdè wọn àti ti òdìkejì odò ti tó àkókò láti tún ṣe, nítorí ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ̀dà méjì ni ìwé náà, wọn kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ síra. Nítorí náà ará ìhín á jókòó, ará ọ̀hún á jókòó. Ọ̀kan á máa kà sókè, èkejì á máa fi ìka tẹ̀lé e nínú ẹ̀dà tirẹ̀.

Ọkùnrin tí wọ́n rán wá láti ọ̀hún ga, ó sì ń kàwé bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

"Ẹ dúró ńbẹ̀," obìnrin náà wí. "Kọ́mà wà níbẹ̀, ẹ ò dá ẹnu dúró."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kọ́mà náà ń lọ síbì kan ni?"

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pa á. Kó tó di ọ̀sán, ọkùnrin náà ti sọ ọ́ ní Ìyá Kọ́mà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, àwọn méjèèjì sì ń ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ojú ìwé náà kò ní àṣìṣe kankan. Ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí?

Ìyá obìnrin náà ń fọ aṣọ, ó sì ń lọ̀ ọ́ fún àwọn èèyàn àdúgbò. Opó ni, ọmọ méjì péré ló ní: obìnrin yìí, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń tún ọkọ̀ ológun ṣe. Nígbà tí obìnrin náà mú olólùfẹ́ rẹ̀ wálé, ìyá náà kò gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ tó ń lọ̀.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ jọ ń ka ìwé tó ní tí ẹnìkan bá bá yín jà, àwa náà á wọ̀ ọ́," ó ní. "Kí ló kàn wá nínú ìjà yín?"

"Màmá, torí kí ìjà má baà wáyé rárá ni. Ilé tó dá wà lolè ń fọ́. Tó bá mọ̀ pé aládùúgbò á jáde, á rò ó wò."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń tún un kà lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta?"

"Bí òrùlé ni, Mà. Tí a ò bá gùn ún wò, a ò ní mọ̀gbà tí á bẹ̀rẹ̀ sí í jò."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ẹ dùn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, lóòótọ́. Àmọ́ tí olè ọ̀hún ò bá rò ó wò ńkọ́?"

Àbúrò gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu: "Màámi, ẹ jẹ́ kí àna wa jókòó ná, kí ẹ tó kó ogun bá a!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀.

Oṣù kan ló kù nígbà tí ṣàngbà fọ́. Olè ọ̀hún kò rò ó wò. Ogun wọ orílẹ̀-èdè òdìkejì odò láti ìhà kejì, rédíò sì ka Abala Kẹrin fún gbogbo ayé gbọ́: "Ẹni tó bá gbógun ti ọ̀kan nínú wa, àwa méjèèjì ló gbógun tì." Obìnrin náà mọ ibi tí kọ́mà wà níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà bà á lẹ́rù.

Àbúrò di ẹrù rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sunkún mọ́. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fọwọ́ sí i ni? Mò ń lọ gbèjà àna wa."

Ọjọ́ kọkànlélógún tó lọ ni wọ́n mú ìròyìn rẹ̀ wá. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí àwọn ará ìlú kan lè gbà sá jáde. Ọkọ̀ ológun kan kú lórí afárá, ó dí ọ̀nà. Àbúrò tún un ṣe, ọ̀nà là, àwọn èèyàn kọjá. Lẹ́yìn náà ni ìbọn bà á.

Nígbà tí olólùfẹ́ obìnrin náà wá kí wọn kú ọ̀fọ̀, kò jókòó. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà.

"Màmá, n ò lè fi pa mọ́ fún yín. Ìlú wa ni. Orí afárá yẹn ni ìyá mi àtàwọn àbúrò mi gbà jáde."

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Mi ò bá ẹ jà, ọmọ mi. Mi ò bá ìyá ẹ náà jà. Àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá rí ẹ, ìyá ẹ tó yè ni n ó máa rí, n ó sì máa bi Ọlọ́run pé ọmọ tèmi ńkọ́. Mi ò fẹ́ di abiyamọ tó ń bínú pé ọmọ ẹlòmíì rí ìyá ẹ̀. Jọ̀ọ́, má fẹ́ ọmọ mi mọ́."

Obìnrin náà sìn ín dé ẹnu géètì.

"Ìyá Kọ́mà, sọ nǹkan kan," ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́.

"Kí ni kí n sọ, ìfẹ́ mi? Èmi nìkan ló kù fún Màámi."

Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú títí, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi í sílẹ̀. Ọkàn obìnrin náà fọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó bá a ṣà á.

Ogun parí. Ọdún mẹ́ta pé, àdéhùn náà tún tó kà. Ọ̀gá obìnrin náà pè é, ó ní òun lè fi ẹlòmíràn sí iṣẹ́ náà. Obìnrin náà ní rárá.

"Ẹ káàárọ̀," ọkùnrin náà kí i bó ṣe wọlé. "Ẹ" yẹn gún un lọ́kàn ju ohunkóhun lọ.

Wọ́n jókòó. Ọkùnrin náà ló ń kà, díẹ̀díẹ̀, ó ń dá ẹnu dúró ní gbogbo kọ́mà. Nígbà tó dé Abala Kẹrin, ó ka ọ̀rọ̀ méjì, ó padà síbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ibi kan náà ló tún ti padà.

"Ẹ fi sílẹ̀," obìnrin náà wí. "Èmi á kà á."

Ó kà á. Ó rántí Àbúrò lórí afárá, ó bi ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò lónìí, kí ni ọmọ náà wá lọ ṣe níbẹ̀? Ó buwọ́ lù ú létí ìwé. Ọkùnrin náà buwọ́ lu tirẹ̀. Omijé kan bọ́ sórí tábìlì, kò kan ìwé náà. Ọkùnrin náà fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, wọ́n sì ṣí ojú ìwé tó kàn.

Nígbà tí obìnrin náà délé, ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ.

"Ṣé ẹ ti kà á tán?"

"A ti kà á tán, Màámi. A ti buwọ́ lù ú."

"Ó dáa." Áyọ́ọ̀nù lọ, ó bọ̀. "Ìyá ọmọkùnrin yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n wà láàyè. Wọ́n ní kí n kí yín."

Ìyá náà mi orí pé òun ti gbọ́, ó ká ẹ̀wù tó ń lọ̀ náà, ó sì fa òmíràn.