Òwìwí Ẹ̀yìn Ilé Jẹnẹrétọ̀

"Ẹ kúrò lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n fi òkúta bá a sọ̀rọ̀."

Àǹkú Adékọ̀yà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, tòun ti táì lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé ní Rumuokwurushi kí n lè ráyè parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́, ó gboyè ní yunifásítì méjì, òun náà sì ni alága àwa ayálégbé. Òwìwí kan ló bà sórí ilé jẹnẹrétọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ni gbogbo wọn bá ń pariwo ẹyẹ àjẹ́. Òkúta bà á lápá, ó ṣubú sẹ́yìn ilé náà. Nínú gbogbo àgbà tó dúró síbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó láyà láti lọ wo ẹ̀yìn ibẹ̀. Wọ́n kàn na ọrùn láti òkèèrè, wọ́n ní ẹyẹ ti pòórá. Akọni ni wọ́n, ẹ bá mi kí wọn.

Nígbà tí wọ́n túká, èmi lọ wò ó. Ẹyẹ náà há sáàárín ògiri àtàwọn àlòkù páànù, apá rẹ̀ kan wọ́lẹ̀. Míìsì Sotonye, tíṣà wa, ti kọ́ wa pé aṣọ là ń dà bo ẹyẹ tó bá fara pa, ká ṣọ́ra fún èékánná rẹ̀, ká gbé e sínú páálí tó níhò níbi tó dákẹ́, ká má sì rọ omi sí i lẹ́nu. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Mo gbé páálí náà pa mọ́ sínú ilé ìdáná. Belema, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Okrika, nìkan ló rí mi.

"Rẹ̀mí, no tell anybody o," ó ní. "Dem go call you witch join."

Òótọ́ ló sọ. Mo panu mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, Màmá Àkànkẹ́ jáde pẹ̀lú apá tí wọ́n fi gèlè gbé kọ́rùn. Opó àgbàlagbà ni, nínú àgbàlá wa ló ń gbé, ọṣẹ ló ń tà. Balùwẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í fọ̀, ló gbé e ṣubú. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́? Apá ẹyẹ ni òkúta bà, apá Màmá ló kán. Ó parí. Chioma, ayálégbé kan tí Màmá ń bá wẹ ọmọ láti ìgbà tó ti bí i, fa ọmọ náà mọ́ra bí ẹni rí ejò.

Wọ́n pe Màmá sáàárín àgbàlá. Àǹkú Adékọ̀yà wú ikọ́.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ó ní, "ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Ọmọ wo ló kú? Kò sí ọmọ tó kú. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn mirí, bí ẹni tó gbọ́ ọgbọ́n.

"Màmá, ẹ kó ẹrù yín kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Níbo lẹ fẹ́ kí n lọ, ọmọ mi? Látìgbà tí bàbá wọn ti kú, yàrá yìí nìkan ni mo ní."

"Ẹ fò lọ síbi tí ẹ ti wá. Bí ẹ̀yin kọ́ ni ẹyẹ náà, ibo ló wà? Kí ẹnì kan fi hàn mí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá bú sẹ́kún. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu báyìí, mo ti kúrò nílé Àǹkú nìyẹn, ìdánwò àṣekágbá sì ti dé tán. Síbẹ̀ mo lọ gbé páálí náà, mo gbé e síwájú Màmá, mo ṣí i.

"Àǹkú, ẹyẹ yín rèé," mo ní. "Màmá náà rèé. Ẹ wo àwọn méjèèjì."

Òwìwí náà yí ojú róbótó rẹ̀ sí wọn, ó sì pa àgógó ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó dún kó. Alága wa, ọlọ́pọlọ yunifásítì méjì, fò sẹ́yìn Chioma. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń sọ pé òun ò kúkú gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó bẹ Màmá.

"O dójú tì mí láàárín àwọn èèyàn mi," ni Àǹkú wí fún mi. "Máa lọ bá ìyá rẹ ní Iwofe."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, báàgì mi ti wà níta. Mo jókòó tì í, mi ò mọ bí mo ṣe máa máa ti Iwofe wá ṣèdánwò. Màmá Àkànkẹ́ ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ó fi apá kan tó kù wọ́ báàgì náà wọlé.

"Wọlé, Rẹ̀mílẹ́kún," ó ní. "Ibùsùn mi kéré, ṣùgbọ́n yóò gba àwa méjèèjì."

Àwa méjèèjì la jọ gbé ẹyẹ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Nígbà tí apá rẹ̀ san, ó fò lọ, kò sì wẹ̀yìn. Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ti ṣèdánwò mi jáde.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìwé púpọ̀ kò ní kí òmùgọ̀ má gọ̀. Ẹ má bẹ̀rù irú wọn. Ẹni tó bá mọ òtítọ́, tó wá dákẹ́ nítorí ibi tí yóò sùn nígbà tí wọ́n ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀, ọ̀kan náà ni òun pẹ̀lú wọn.