Àárọ̀ Ìdánwò Tí Ọ̀gá Ìṣirò Kò Lè Jókòó

Láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Ọmọbìnrin tí àwọn ará yàrá ń pè ní Ọ̀gá Ìṣirò ti rìn ín lọ rìn ín bọ̀ títí. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó tún dìde. Ó ṣí ìwé, ó pa á dé. Aago mẹ́jọ ti kọjá, aago mẹ́wàá sì ni ìdánwò.

"Ọ̀gá Ìṣirò, ṣé o fẹ́ fi ẹsẹ̀ dá ilẹ̀ yìí lu ni?" Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Àyà mi ń lù kì-kì-kì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Agbára oògùn yẹn ló ń tán. Fún mi ní ọ̀kan sí i."

Oògùn tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn ni. Inú bébà lásán tí kò ní orúkọ ni ọ̀rẹ́ wọn kan wé e sí fún wọn. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń lò ó.

"Mélòó lo lò láàárọ̀ yìí?"

"Mẹ́ta. Bí mo ṣe lo ọ̀kan ni ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ní àárẹ̀ ni, mo bá tún lo òmíràn."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ẹlẹ́rìn-ín. "Dìde, ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ yá."

"N kò lọ! Wọ́n á fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa pé mo ń lo oògùn olóró. Gbogbo ilé yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo ilé yìí náà ló ní ìdánwò àná á rọrùn. Ṣé ó rọrùn?"

Kó tó fèsì, òòyì kọ́ ọ, ó gbá irin ibùsùn mú. Ẹlẹ́rìn-ín fà á lápá, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Ẹlẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wé apá Ọ̀gá Ìṣirò, ó ń wo bí abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀rọ náà ṣe ń gbọ̀n.

"Ọmọ mi, oorun ni ara fi ń sọ fúnni pé ó rẹ òun. Oògùn yìí ò fún ẹ lágbára. Ẹnu ara ló bò. Àárẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, o ò kàn gbọ́ ọ ni, ọkàn rẹ sì ń sáré. Ká ní o lo ìkẹrin, ó lè dá ẹ dùbúlẹ̀ pátápátá."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ máa sọ fún ẹ̀ka wa?"

Nọ́ọ̀sì fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ yọ. "Ibí ni káàdì tí mo kọ ìtọ́jú rẹ sí máa gbé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé lọ́rùn mi. Ìwé pélébé yìí lo máa mú lọ: ara ọmọ yìí ò yá, ẹ fún un láyè ṣèdánwò nígbà mìíràn. Ṣé o rí orúkọ àìsàn níbẹ̀? Kí ló tilẹ̀ gbé ẹ débi oògùn?"

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Orí kẹfà ìwé wa ò yé mi. Ọ̀gá Ìṣirò ni wọ́n sì ń pè mí. Ta ni mo fẹ́ bi?"

"Orí kẹfà?" Ẹlẹ́rìn-ín ké. "Kò yé èmi náà o! Ìwọ ni mo ń dúró dè kó o ṣàlàyé ẹ̀!"

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni Ọ̀gá Ìṣirò wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń mì lábẹ́ aṣọ.

Akẹ́kọ̀ọ́, má gba oògùn tí o kò mọ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ohun tí kò bá yé ọ, bèèrè. Bóyá kò yé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ náà. Má sì fi àgbọ́sọ dá ara rẹ lẹ́bi: lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí wọ́n ṣe ń pa àṣírí mọ́. Bí àyà bá ń sáré, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, má dúró kí ìdánwò parí. Gbéra.